Láptọ́ọ̀pù mi ò gbóná, síbẹ̀ ó ń wọ́

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo rà, mo sì fi Ubuntu, irú Linux kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i. Core i5 ni prósẹ́sọ̀ rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), ó yẹ kó lè sá kọjá 3 GHz, àmọ́ ojú 800 MHz ló máa ń wà, ì báà jẹ́ fídíò ni mo ń gé. Mo yẹ scaling_governor wò, fáìlì tó ń sọ bí prósẹ́sọ̀ ṣe ń yan eré rẹ̀, mo bá “powersave” níbẹ̀. Mo yí i sí “performance”, pàbó ló já sí. Fáìlì tí mo ti wo bó ṣe gbóná tó tún ń pe 48000! Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní kí n sanwó fáànù tuntun àti thermal paste (ohun tí wọ́n ń fi pa prósẹ́sọ̀ kí ooru lè jáde). Ṣé kí n san án? – Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Fi 1000 pín 48000 yẹn, bí Linux ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn: 48°C lo rí. Bó o bá fẹ́ kà á láìṣe wàhálà, fi lm-sensors, ètò tó ń ka ooru, sí i, ṣe sudo sensors-detect, kó o wá tẹ sensors. Ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel inú láptọ́ọ̀pù, ó di ìgbà tó bá sún mọ́ 100°C kó tó dẹwọ́ eré fúnra rẹ̀ torí kó má baà jóná. Ohun tó máa ń bí mi nínú nìyí: kí wọ́n máa ta fáànù fún ẹ̀rọ tó tutù bí omi àmù!

“Powersave” náà ò jẹ̀bi. Wo fáìlì scaling_driver níbi tó o ti rí scaling_governor; òun ló ń sọ ètò tó ń darí eré prósẹ́sọ̀. Bó bá jẹ́ intel_pstate lo bá níbẹ̀, powersave tiẹ̀ ṣì ń gbé eré sókè bí iṣẹ́ bá dé. Powersave ti acpi-cpufreq, ètò mìíràn, ló máa ń so prósẹ́sọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Yẹ scaling_max_freq náà wò, òun ni òpin eré tí prósẹ́sọ̀ lè sá; bó bá ń pe 800000 (800 MHz nìyẹn), ẹnì kan ló ti dí i lọ́nà, gbé e sókè.

Ṣájà gan-an ni mo fura sí. O ò sọ bóyá èyí tó bá a wá lò ń lò. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan máa ń wà láàárín ẹnu ṣájà àwọn láptọ́ọ̀pù kan, òun ló ń sọ iye wáàtì tí ṣájà náà lè gbé. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá ti bàjẹ́, tàbí tí ṣájà bá jẹ́ ayédèrú, láptọ́ọ̀pù ò ní dá a mọ̀. Kò ní sáré mọ́, ó tiẹ̀ lè má gba iná sí bátìrì.

Ṣí tẹ́mínà (ojú ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ) méjì. Nínú ọ̀kan, tẹ watch -n1 "grep MHz /proc/cpuinfo". Nínú èkejì, tẹ sha256sum /dev/zero kí prósẹ́sọ̀ lè ríṣẹ́ ṣe, torí 800 MHz ò burú fún èyí tó jókòó lásán. Wá yọ ṣájà, kó o lo bátìrì nìkan. Bí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ḿbà yẹn bá fò sókè, ọwọ́ ti tẹ olè nìyẹn. (Ctrl+C lo máa fi dá a dúró.) Bí wọn ò bá yí padà, kọ irú láptọ́ọ̀pù náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú iye wáàtì tó wà lẹ́yìn ṣájà.