Ṣé ọkọ̀ ọdún 1930 ni ọkọ̀ ìgbéyàwó tí mo fẹ́ rà yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Manchester ni mò ń gbé. Mo fẹ́ máa fi ọkọ̀ gbé tọkọtìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ibi àríyá, mo sì ti rí Beauford kan tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn gbọọrọ. Ẹni tó ń tà á ní ọkọ̀ ọdún 1930 ni, pé nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ kò nílò MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, kò sì nílò bẹ́líìtì. Funfun ni kí n rà ni, àbí aláwọ̀ wáìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ra funfun, ó bá gbogbo aṣọ ẹbí mu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọ̀ kọ́ ló wà nílẹ̀ yìí, àbúrò mi. Kò sí Beauford kankan láyé lọ́dún 1930. Lẹ́yìn ọdún 1980 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí wọ́n ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ó sì ń bí mi nínú. Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ bèèrè ni mò ń bá bínú, àwọn tó ń parọ́ ọjọ́ orí mọ́ ọkọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ fẹ́ rà fún yín. Ọkọ̀ àtòpọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní kit car. Ilé iṣẹ́ á ta ṣáṣí (irin ìpìlẹ̀ ọkọ̀) àti bọ́dì fún èèyàn, onítọ̀hún á wá ẹ́ńjìnnì àti gíà tókúnbọ̀, á sì tò ó pọ̀ nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Nínú àwọn Beauford àkọ́kọ́, bọ́dì Mini, ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi ṣe ibi ìjókòó àárín. Ford Cortina ni wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pọ̀ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n lo fáíbà lára bọ́dì rẹ̀, wọ́n sì fi imú gígùn yẹn kún un.

Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lára ojúlówó ọkọ̀ ayé ọdún 1930, ẹ́ńjìnnì ló mú kí bọ́nẹ́ẹ̀tì gùn. Duesenberg J, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó jáde ní 1928, sìlíńdà mẹ́jọ ló tò tẹ̀léra lórí ìlà kan ṣoṣo, ó sì di dandan kí bọ́nẹ́ẹ̀tì gùn tó o. Ṣáṣí wọn ga, ìdí nìyẹn tí pẹpẹ ìtẹ̀sẹ̀ fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nínú Beauford ẹlẹ́ńjìnnì Cortina, sìlíńdà mẹ́rin péré lẹ sábà máa bá, ó sún mọ́ ẹ̀yìn níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà, àyè ńlá ló sì ṣófo níwájú rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún tó wọ agbádá bàbá bàbá rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di arúgbó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mo fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ yìí, ojúlówó iṣẹ́ ọwọ́ sì wà nínú wọn. Brooks Stevens, ayàwòrán ọkọ̀ ará Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ló gbé Excalibur jáde ní 1964. Ó fi ṣáṣí Studebaker, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń yàwòrán fún, ṣe ọkọ̀ tó jọ Mercedes-Benz SSK ayé ọdún 1928. Àwọn ọ̀gá Studebaker ní kó má gbé e wá sí ìpàtẹ ọkọ̀ New York mọ́, ó wá àyè tirẹ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń béèrè pé èló ni. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ di òwò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé SSK ni. Ohun tó fa àwọn oníbàárà mọ́ra ni pé wọ́n rí ẹwà àtijọ́, wọ́n sì rí ẹ́ńjìnnì tí mẹ́káníìkì àdúgbò lè tún ṣe. Fún òwò ìgbéyàwó, ẹ̀dà tó dára tẹ́ mi lọ́rùn ju ojúlówó lọ: yóò gbéra láàárọ̀, bíréèkì rẹ̀ á mú, ẹ ó sì rí ẹ̀yà rẹ̀ rà. (Ẹ má ka Morgan tí wọ́n ń ṣe ní Malvern mọ́ wọn. Kò ṣe ẹ̀dà ẹnikẹ́ni; 1936 ni ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ 4/4 kọ́kọ́ jáde.)

Irọ́ tí ẹni yẹn pa fún yín lè kó yín sí wàhálà. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ṣáájú 1965 ni òfin gbà láyè láti wà láìní bẹ́líìtì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ tí kò ní bẹ́líìtì rárá. Ẹ wá ro ti ìyàwó kékeré ọlọ́dún méjì tí wọ́n máa gbé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó! Ní ti MOT, ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún, tí wọn kò sì yí padà gidigidi láàárín 30 ọdún sẹ́yìn, ni òfin dá sí. Ìrísí kọ́ ni wọ́n fi ń ka 40 ọdún náà. Kódà bí òfin bá dá a sí, ẹ ṣáà máa gbé e lọ lọ́dọọdún. Iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà fún MOT mọ́tò kò tó £55.

Ẹ ní kó fi V5C, ìyẹn ìwé ọkọ̀, hàn yín. Ẹ wo orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí nọ́ńbà ọkọ̀ bá fi Q bẹ̀rẹ̀, DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ń sọ fún yín pé ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí orísun rẹ̀ kò dájú. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Bí ìwé bá ní Cortina ni, tí ẹ sì ń wo Beauford, ẹ dúró ná: DVLA lè gba nọ́ńbà náà padà, kí wọ́n sì ní kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún IVA, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún irú ọkọ̀ àtòpọ̀ bẹ́ẹ̀, kó tó tún rìn.

Mi ò fojú rí ọkọ̀ náà, mi ò lè búra pé ó dára tàbí kò dára, òfin sì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ bi DVLA fúnra yín. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti to púpọ̀ nínú wọn, méjì kì í rí bákan náà. Ẹ jẹ́ kí mẹ́káníìkì tó mọ ọkọ̀ àtòpọ̀ gbé e sókè. Kó yẹ ìsàlẹ̀ bọ́dì Mini wò bóyá ó ti dógùn-ún, kó wo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin ṣáṣí pọ̀, kó sì wo ẹ̀bá ìdè ilẹ̀kùn níbi tí fáíbà ti máa ń sán.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ pe ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. Ẹ sọ pé ọkọ̀ àtòpọ̀ ni, pé owó lẹ ó fi máa gba èrò. Bí ẹ bá kọ 1930 sínú fọ́ọ̀mù nítorí pé ẹni tó tà á sọ bẹ́ẹ̀, tí jàǹbá wá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi, kì í ṣe òun.