Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé kí n kó owó ìfẹ̀yìntì mi pátá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mí ní Ìkòròdú láti ọdún 1996, mo sì máa pé ẹni ọgọ́ta ọdún lọ́dún tó ń bọ̀. Àbúrò mi ní kí n kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì mi lẹ́ẹ̀kan náà, kí n fi ra ilẹ̀ sí Igbógbó. Ọmọ kan láti iléeṣẹ́ adójútòfò náà ń wá sí ọ́fíìsì wa, ó ní bí mo bá fọwọ́ sí ìwé àwọn, n ó máa gba owó oṣù títí n ó fi kú. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ àbúrò yín kúrò nílẹ̀ ná. Òfin pẹ́ńṣàn kò gbà fún un. Èyí tẹ́ ẹ máa ṣẹ́ kù sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tó san ó kéré tán ìdajì owó oṣù tẹ́ ẹ gbà kẹ́yìn. Ká ní ₦120,000 ni owó oṣù yín, owó tó máa tó san ₦60,000 lóṣooṣù ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn lẹ lè fi wo ilẹ̀. Ká tiẹ̀ ní òfin gbà, ilẹ̀ Igbógbó kì í ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọ̀nà méjì ni owó yín ti ń wọlé. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín, tí ìjọba náà ń fi tiẹ̀ kún un, láti ìgbà tí òfin Èkó ti ọdún 2007 ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ti ọdún tẹ́ ẹ ti fi sin ìjọba ṣáájú ìgbà náà: bọ́ǹdì nìyẹn, ìyẹn gbèsè tí ìjọba gbà pé òun jẹ yín fún àwọn ọdún náà; LASPEC, àjọ pẹ́ńṣàn ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń mójú tó o. Inú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ PFA, iléeṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, ni méjèèjì ń dé.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni bẹ́ ẹ ṣe máa gba ìyókù. Ẹ lè fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ PFA yín. Wọ́n á máa fi ṣòwò, wọ́n á sì pín in sórí iye ọdún tí wọ́n ṣírò pé ẹ ṣì máa lò láyé. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, àwọn ọmọ ló ni èyí tó kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí yín bá gùn kọjá ìṣirò wọn (Ọlọ́run á jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀), owó náà lè tán.

Èyí tí ọmọ iléeṣẹ́ adójútòfò yẹn ń polówó ni ánúítì: ẹ máa kó ìyókù owó náà fún wọn, àwọn á sì máa san owó oṣù fún yín. Kò purọ́ fún yín: wọ́n á máa san án títí dọjọ́ ikú. Ohun tí kò sọ ni pé, ní ti àwọn ọmọ yín, ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ péré ni wọ́n dúró fún. Bí ẹ bá lo ju ìyẹn lọ kẹ́ ẹ tó lọ, àwọn ìbejì kò ní í rí kọ́bọ̀ jogún níbẹ̀. Iye tí wọ́n bá sì kọ sínú ìwé lónìí ni wọ́n á máa san. Ẹ rántí iye tẹ́ ẹ ń ra kóńgò gàrí ní ọjà Sábó lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ pé kẹ́ ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan ni èyí: ẹni tó wà lọ́dọ̀ PFA lè kó lọ sí ánúítì nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó ti wọ ánúítì kò lè padà sọ́dọ̀ PFA. Nítorí náà, lójú tèmi, ọ̀dọ̀ PFA ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹ kò bá ní ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi ogún sílẹ̀ fún, tí ẹ̀mí gígùn sì wà nínú ìdílé yín.

Kí ọdún yìí tó parí, ẹ kó ìwé yín jáde: lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, ìwé ọjọ́ ìbí, NIN àti BVN. Ẹ wo orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́tà ti 1996 bá kọ Sidikat, tí NIN kọ Sidiqat, tàbí tí ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ baba, tí èkejì ń jẹ́ tọkọ, ibẹ̀ ni fáìlì yín máa há sí. Àsìkò tẹ́ ẹ ṣì ń gba owó oṣù ló dáa láti tún un ṣe. Ẹ yẹ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ ní ó máa gba owó náà wò pẹ̀lú. Mo ti rí ibi tó jẹ́ orúkọ ìyá olóògbé, tóun fúnra rẹ̀ ti kú tipẹ́, ló ṣì wà níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì pè yín pé kẹ́ ẹ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí bọ́ǹdì yín lè tètè jáde, olè ni. Ẹ pa fóònù.