Omi Jabi Rèé, Àwòrán Inú Rẹ̀ Dà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn ni mo ti wá kí ẹbí wa ní Kubwa. Mo ya fọ́tò adágún omi Jabi, ní Abuja níbẹ̀, ní ọ̀sán. Ojú mi rí àwòrán àwọn ilé nínú omi, àmọ́ nínú fọ́tò, omi kàn ṣú ni. Mo wá ra fílítà tí wọ́n ń pè ní polarizer, ẹni tó tà á ní á jẹ́ kí omi hàn dáadáa. Ó tún burú sí i!

Ìdáhùn: Àbúrò, yọ fílítà yẹn ná. Ẹni tó tà á kò parọ́: ìsàlẹ̀ omi ló ń jẹ́ kó hàn, òkúta àti ẹja. Kí ìyẹn tó lè hàn, ó ní láti pa dídán ojú omi rẹ́, dídán yẹn gan-an lo sì wá yà. Bí owó rẹ bá ń dùn ọ́, rọra máa yí i títí àwòrán yóò fi padà.

Mo tún fura pé ìdúró lo ti yà á. Bí a bá wo omi láti òkè tààrà, nǹkan bí 2 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló ń dá padà, ìyókù wọlé lọ. Bí o bá ṣe ń rẹlẹ̀ sí i ni omi ń di dígí. Nítorí náà, lóṣòó. Èmi máa ń dorí fóònù kodò kí lẹ́ǹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. (So okùn mọ́ ọn o, ọ̀kan tèmi ṣì wà nísàlẹ̀ Jabi.)

Àwòrán náà kì í sì í ṣe orí omi ló wà bí a bá ń sọ ti lẹ́ǹsì. Ilé tó jìnnà ní 300 mítà, àwòrán rẹ̀ náà jìnnà tóyẹn. Ilé ni kó o fọwọ́ tẹ̀ lójú fóònù, kì í ṣe ewé tó léfòó níwájú rẹ.

Lọ ní àárọ̀ kùtù, kí afẹ́fẹ́ tó jí, kí oòrùn sì wà lẹ́yìn rẹ. Lásìkò ọyẹ́, eruku á ti bo ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ ojú omi tó wà nítòsí ni kó o yà.

Bí òjò bá rọ̀, má tilẹ̀ dé Jabi. Lọ́nà Kaduna, mo ti mú odindi Àpáta Zuma sínú omi òjò tí kò fẹ̀ ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ, dẹ́rẹ́bà ń fun fèrè, mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.