Ẹ má sáré lé wíwú lọ

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní orúnkún yín wú lẹ́yìn eré sísá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ yín sì ti ń dùn yín láti oṣù mélòó kan. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ máa lo ibuprofen, oògùn tó ń pa ìrora tó sì ń dín wíwú kù, lójoojúmọ́ kí ẹ lè tètè padà sórí pápá. Ohun méjèèjì yìí ló ti ṣe mí rí, mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má tọ́jú wọn bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti orúnkún. Wíwú yẹn, iṣẹ́ ni ara ń ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń rọ́ lọ síbẹ̀: àwọn tó kọ́kọ́ dé á palẹ̀ ohun tó ti bàjẹ́ mọ́, àwọn tó tẹ̀ lé wọn á ránṣẹ́ pe àwọn tó máa hun okùn collagen tuntun, ìyẹn èròjà tó ń so ẹran ara pọ̀. Bí wọn ò bá tíì palẹ̀ mọ́, orí kí ni wọ́n fẹ́ kọ́lé lé? Ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n nílò fún ìyẹn, torí náà ẹ má fi ibuprofen ojoojúmọ́ dí wọn lọ́wọ́. Dókítà Gabe Mirkin, ẹni tó kọ́ àwọn eléré ìdárayá lọ́dún 1978 pé bí wọ́n bá ṣèṣe, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n fi yìnyín sí ojú ibẹ̀, kí wọ́n dì í, kí wọ́n sì gbé e sókè, òun fúnra rẹ̀ ló padà wá sọ pé yìnyín àti ìsinmi pátápátá lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Èmi máa ń fi yìnyín sí i fún bí ìṣẹ́jú 10 ní wákàtí àkọ́kọ́, torí ìrora nìkan.

Àmọ́ mi ò ní kí ẹ jẹ́ kó kún fọ́fọ́ o. Bí omi bá pọ̀ nínú oríkèé orúnkún, ẹran itan kì í gbọ́ràn mọ́. Nígbà tí orúnkún òsì tèmi wú, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, mo fún itan pọ̀: ti ọ̀tún le koko, ti òsì rọ̀ múlọ́múlọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi, bó ti wù kí n gbìyànjú tó. Torí náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ẹ dì í díẹ̀, ẹ máa ká a, ẹ máa nà án níwọ̀n tó bá gbà.

Ti gìgísẹ̀ yàtọ̀. Tó bá ti pẹ́ lóṣù, tí kò gbóná, tí kò pọ́n, àmọ́ tí ẹ ń tiro tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láàárọ̀, okùn inú iṣan tó so ẹran ẹsẹ̀ mọ́ egungun gìgísẹ̀ ló ti dàrú. Oògùn á pa ìrora, kò ní tún okùn tò. Abẹ́rẹ́ cortisone, oògùn tó ń dín wíwú kù, náà máa ń tuni lára kíákíá, àmọ́ nínú ìwádìí lórí ìrora ìgúnpá tí wọ́n ń pè ní tennis elbow, ara àwọn tó gbà á kò yá tó ti àwọn yòókù nígbà tí ọdún kan fi pé.

Kí iṣan máa ru ìwúwo ara díẹ̀díẹ̀ ló ń wò ó sàn. Lọ́dún 1998, dókítà eegun kan, Håkan Alfredson, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden gbé ọ̀nà kan jáde: ẹ dúró létí àtẹ̀gùn, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì gòkè, ẹ wá fi èyí tó ń dùn yín sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà 15 lọ́nà 3 pẹ̀lú orúnkún nínà, bẹ́ẹ̀ náà pẹ̀lú orúnkún kíká, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ó lè máa dùn yín bí ẹ ṣe ń ṣe é, ìyẹn ò burú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo máa fi ń díwọ̀n: bó bá le ju ti àná lọ, mo á dín in kù.

Bí orúnkún bá gbóná tí ibà sì dé, tàbí tí nǹkan bá já lẹ́yìn gìgísẹ̀ tí ẹ ò lè fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró mọ́, dókítà ni kí ẹ bá lọ́jọ́ náà. Ẹ sì sọ fún un bí ẹ bá lo ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò kan, láìpẹ́, torí ó lè mú kí iṣan já.