Àkísà tí àgbà ní tí ọmọdé ò ní

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Àjàṣẹ́. Gbogbo ìgbà ni ọ̀gá mi ń sọ fún mi pé, "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà." Ṣé èébú ni?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ àwọn àgbà tó ń fi í pa ọmọdé lẹ́nu mọ́. Irú wọn máa ń gbàgbé pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Wo àkísà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè wọ ọjà Wàndó láàárọ̀, kó ra aṣọ mẹ́wàá kí oòrùn tó mú. Àkísà ò sí lórí àtẹ. Òógùn, ìfọ̀ àti oòrùn ọdún gbọọrọ ló ń sọ aṣọ di àkísà. Kì í sì í ṣe ohun ìdànù: òun la fi ń nu epo ẹ̀rọ, òun la fi ń ká òṣùká, ògbólógbòó ìró ìyá àgbà ló sì ń rọ̀ jù fún ìtẹ́dìí ọmọ tuntun.

Ṣùgbọ́n òwe yìí ń bá ọ̀gá náà wí. Ẹni tó ń fi àkísà yangàn, kó kó o síta ká rí i! Ọ̀gá tó ń ṣe bí ẹni tí àlùmọ́gàjí ò ṣì lọ́wọ́ rí, kí ló fẹ́ kọ́ni?

Nígbà tí èmi ń kọ́ṣẹ́ ní Kétu, mo gé àńkárá ẹlẹ́yẹ oníbàárà kan. Ẹyẹ iwájú ń fò lọ sókè, tẹ̀yìn doríkodò. Mo ti ń wo ọ̀nà tí mo máa sá gbà. Ọ̀gá mi ò jágbe. Wọ́n ṣí àpótí abẹ́ ẹ̀rọ wọn, wọ́n yọ ègé aṣọ méjì tó ti ṣá: ọwọ́ aṣọ ni, òsì sì ni méjèèjì. Wọ́n ní aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà ni, àwọn sì ra òmíràn fi dí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n san ìdajì owó àńkárá yẹn o! Mo san án. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ṣe àṣìṣe, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé e lọ, n kì í fi pamọ́ mọ́.

Bí ọ̀gá rẹ bá tún pa òwe yẹn, fi ìtẹríba bi wọ́n pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àkísà yín lẹ máa fi hàn mí?" Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, fa àpótí jókòó tì wọ́n.