Fọ́tò wà, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi àwòrán aṣọ àtijọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ayàwòrán ni mí ní Atlanta. Mùsíọ́mù kékeré kan fẹ́ kí n ya àwọn aṣọ àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, kúìlìtì (aṣọ ìbora tí wọ́n fi àjákù aṣọ rán pọ̀) àti kaba ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé fọ́tò kò tó ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, fọ́tò á fi ojú aṣọ hàn, kò ní fi bí wọ́n ṣe rán an hàn. Iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn.

Kọ́kọ́ lọ wo Index of American Design, àkójọ àwòrán ohun àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láàárín 1935 sí 1942, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ń sanwó fún àwọn ayàwòrán láti ya aṣọ, àga, ìkòkò àti ohun ìṣeré àtijọ́. Fọ́tò aláwọ̀ ṣì wọ́n nígbà náà, kò sì ṣeé gbára lé. Àwòrán tó lé ní 18,000 wà ní National Gallery of Art ní Washington, o sì lè wo púpọ̀ nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wá aṣọ ìbora tí wọ́n ń pe bátànì rẹ̀ ní Boston Town, èyí tí Magnus Fossum, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán náà, yà ní Florida, kí o fara balẹ̀ wo bó ṣe tẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó hun ún.

Tó bá di tìrẹ, inú aṣọ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ní kí olùtọ́jú mùsíọ́mù bá ọ yí i sódì. Oòrùn ti jẹ àwọ̀ ìta, ṣùgbọ́n abẹ́ ojú ìrán sábà máa ń pa àwọ̀ àkọ́kọ́ mọ́. Bó ṣe wà lónìí ni èmi yóò yà á, màá wá kun àwọ̀ abẹ́ yẹn díẹ̀ sí etí bébà. Wo ojú ìrán náà dáadáa: láti bí 1850 lọ ni ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ní kaba kan ti wà láti 1820, tí o wá rí ojú ẹ̀rọ lára rẹ̀, ẹnìkan ti tún un rán nìyẹn. Yà á bẹ́ẹ̀. Ìrán ọwọ́ kì í dọ́gba, má bá wọn mú un dọ́gba. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ayàwòrán tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì lẹ ibi tó ya, tó sì ń pa àbùlẹ̀ rẹ́. Àbùlẹ̀ yẹn gan-an ló sọ pé wọ́n fi aṣọ náà ṣiṣẹ́.

Pẹ́ńsù nìkan ni kí o mú sún mọ́ aṣọ, bírò kọ́. Omi àti ọ̀dà, orí tábìlì mìíràn ni. Kun ọ̀dà sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí o tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ láti wò ó bóyá àwọ̀ méjèèjì bára mu. Abẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà ni kí o ti máa ṣe é, torí iná gílóòbù aláwọ̀ iyeyè máa ń da àwọ̀ ẹ̀lú rú.

Fi téèpù wọn gbogbo rẹ̀. Kọ ìwọ̀n, ọjọ́, àti nọ́ńbà tí mùsíọ́mù fún aṣọ náà sí ẹ̀yìn bébà kí o tó kúrò níbẹ̀.