Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, ìdánwò ọdún kìíní sì ti fẹ́ dá mi dúbúlẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọdún kìíní ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ òfin. Òkè-Baálẹ̀ nílé wa, ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà mí wọlé ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Lọ́yà. Bàbá kan tilẹ̀ gbé ìwé ilẹ̀ wá bá mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n èsì sáà àkọ́kọ́ kò dáa, mo ní káríófà nínú Legal Method, ìyẹn iṣẹ́ tí mi ò yege tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe. Mo kàwé o, mà. Mo há orúkọ ẹjọ́ àti ọdún wọn sórí, àfi bí mo ṣe jókòó tí gbogbo ẹ̀ fò lọ. Mo kọ “Dawodu v. Danmole” sílẹ̀, mi ò rántí ohun tí wọ́n ń jà sí. Ìdánwò sáà kejì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kọfí ni mo fi ń ṣàìsùn, àyà mi ń já, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Mi ò tíì sọ èsì yẹn nílé. Ṣé kí n lọ kọ́ nǹkan mìíràn ni?
Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́, ìwé ilẹ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju káríófà rẹ lọ. Dá a padà lónìí. Ẹni tí wọn ò tíì pè sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò tó bá ń ṣe é, ọ̀ràn ló ń dá lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Ọdún márùn-ún lo máa lò ní yunifásítì, wàá tún lọ sí Law School, kí o tó dé wíìgì. Kúnlẹ̀ fún bàbá náà, kí o ní, “Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni mí, sà. Ẹ gbé e lọ fún lọ́yà.” Inú rẹ̀ lè má dùn. Á yọ́.

Orúkọ “Lọ́yà” yẹn gan-an ló ń fún ọ lọ́rùn, mo rò bẹ́ẹ̀. Òṣogbo wa yìí, kí wọ́n gba ọmọ wọlé láàárọ̀ láti kọ́ òfin, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti fi í jẹ adájọ́. Ayọ̀ ló fà á, wọn ò rò ó níbi. Àmọ́ ẹni tó ti di lọ́yà lẹ́nu aráàdúgbò, báwo ló ṣe máa wá sọ pé òun ò yege nínú iṣẹ́ kan? Ìdí tí èsì yẹn fi wà nínú báàgì rẹ nìyẹn. Sọ ọ́ nílé kí o tó ṣí ìwé kankan. Ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, lálẹ́, tó bá ti ka owó ọjà tán. Má sọ ọ́ ní ìsọ̀ o, àwọn oníbàárà létí! Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ dúdú lórí funfun lọ sí kóòtù lónìí ló ní káríófà rí, bí wọn ò tilẹ̀ ní jẹ́wọ́ fún ọ.

Ó wá kan ìwé kíkà. Ẹni tó há orúkọ ẹjọ́ sórí láìmọ ìtàn rẹ̀ dà bí ẹni tó mọ gbogbo ibùdókọ̀ láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà, tí kò mọ ibi tó ń lọ. Dawodu v. Danmole tó sá mọ́ ọ lọ́wọ́ yẹn, wò ó: Suberu Dawodu kú ní Èkó láìṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni ká pín ogún rẹ̀ sí, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìdá kan, ìyẹn ìdí-igi? Àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án, orí-òjorí? Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní orí-òjorí ló bóde mu. Federal Supreme Court yí i padà ní 1958, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ wa ti máa ń parí nígbà náà, àwọn náà fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962, wọ́n ní kò yẹ ká fi òṣùwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo wọn ilé olórogún.

Ṣé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó fò lọ lórí ọmọ Yorùbá nìyí? Lọ rò ó fún ìyá rẹ bẹ́ ẹ bá jọ ń bu èlùbọ́, ní Yorùbá, láìmú ìwé dání. Jẹ́ kó bá ọ jiyàn. Ó dá mi lójú pé ó máa bi ọ́ pé, “Ìyàwó tó bí ọmọ kan ńkọ́? Ṣé ọmọ tiẹ̀ nìkan á wá kó iye tí ọmọ márùn-ún ń pín?” Ohun tí olùkọ́ rẹ náà fẹ́ kí o rò nìyẹn. Ibi tí o bá ti há, ibẹ̀ ni kí o padà lọ kà. Bí ọdún ẹjọ́ bá tilẹ̀ sá nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kọ ìtàn rẹ̀ àti ìdí tí wọ́n fi dá a bẹ́ẹ̀. Wàá rí máàkì níbẹ̀.

IRAC tí wọ́n ń pariwo fún yín, ìyẹn ìlànà tí ẹ fi ń dáhùn ìbéèrè òfin, kò ju èyí lọ: kí ni wọ́n ń jà sí, òfin wo ló kàn án, báwo ló ṣe kan àwọn tó ń jà yìí, ta ló jàre? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fo ẹ̀kẹta, ibẹ̀ sì ni máàkì pọ̀ sí. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dáhùn mẹ́rin ní wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ló kan ìkọ̀ọ̀kan. Tó bá ti pé, fi àyè sílẹ̀, bọ́ sí òmíràn.

Kọfí ńkọ́? Èyí tí o mu ní agogo mẹ́wàá alẹ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára rẹ ní agogo mẹ́ta òru. Àyà ò ṣe ní já? Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà. Ìwọ wá ń lé oorun. Dín in kù díẹ̀díẹ̀, máa sùn, jẹun kí o tó jáde. Bí àyà náà bá ṣì ń já lẹ́yìn ìyẹn, lọ rí dókítà, má dúró de ìparí ìdánwò. Hóró oògùn tí ọ̀rẹ́ kan bá sì ní òun fi ń kàwé, má gbà á.

Ní ti kíkọ́ nǹkan mìíràn, ṣe ìdánwò yìí ná. Tí èsì bá jáde tí òfin ṣì ń rí ọ lára, kọ̀wé sí mi, a ó jọ wo èyí tó bá ọ mu. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ má ṣe ìpinnu yẹn lóru, pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́.